Àmì Pupa Lára Iṣu

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé kí n ní sùúrù lórí ọ̀rọ̀ ìwé mástà yìí, màá bú onítọ̀hún. Mo ti ní sùúrù. Sùúrù ni mo ń jẹ láàárọ̀, òun náà ni mo ń jẹ lálẹ́, láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ìwé náà. Ohun tí mi ò ní ni ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó fà á sì ti jẹ iṣu mi, ó ti nu ẹnu.

Iṣu ni mo ń ṣèwádìí lé lórí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọmọ Ìgbòho ni mí, inú oko iṣu ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Nígbà tí mo wọ yunifásítì láti lọ ṣe mástà nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, mo ní ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni irú ajílẹ̀ tó ń mú iṣu ta jù lórí ilẹ̀ wa tó ti ṣá yìí. Bàbá mi fún mi ní ilẹ̀ tó dára jù nínú oko wọn, lẹ́bàá ọ̀nà. Mo pín in sí mẹ́rin. Apá kan gba ìgbẹ́ adìyẹ, apá kan gba ajílẹ̀ òyìnbó, apá kan gba eérú, apá kan kò gba nǹkan kan. Mo ya aṣọ, mo so ó mọ́ ọ̀pá ebè kọ̀ọ̀kan kí n lè dá wọn mọ̀. Pupa ni ti ìgbẹ́ adìyẹ. Ọjọ́ kan náà la gbọ́dọ̀ wú gbogbo rẹ̀, ká sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Iṣu tí a kò bá wọ̀n, lójú àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò, iṣu náà kò hù rí.

Ọdún kìíní, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò bá wọn jà sí ìyẹn. Ìjọba tó ń ṣe àdéhùn lónìí, tó ń sẹ́ ẹ lọ́la, ni kí ẹ bá wí. Ṣùgbọ́n inú yàrá tí wọ́n tì pa ni òṣùwọ̀n wà. Àwa ń retí kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, òjò tún dé, iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú àká. A jẹ díẹ̀, a fi ìyókù gbìn, ọdún kan sì lọ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti gbà mí ṣe olùkọ́ fúngbà díẹ̀ ní Ìsẹ́yìn wá pè mí, wọ́n ní bí mi ò bá mú mástà wá kí sáà tó ń bọ̀ tó parí, kí n fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni iṣu ọdún kejì ṣe di iṣẹ́ mi, ó di oúnjẹ mi.

Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mo ń gun ọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn, mo ń gba Òkàkà kọjá, eruku á bò mí débi tí àwọn ọmọ àdúgbò wa á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá eléruku ti dé. Mo ro oko. Mo lé màlúù. Bàbá mi ò jẹ́ kí ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni sún mọ́ ibẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ńkọ́? Ọ̀gá ni gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Mo mọ̀ pé “wọ́n” ló yẹ kí n máa lò fún un. Ẹ jẹ́ kí inú mi rọ̀ ná. Ọ̀gá ti wọ ìṣèlú. Wọ́n ti fọ̀rọ̀ kọmíṣọ́nnà lọ̀ ọ́ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni kò ti ráyè tiwa mọ́. Bí o bá lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó wà ní mítìn. Bí o bá pè é, ó wà lọ́nà mítìn. Orí kejì ìwé mi wà lórí tábìlì rẹ̀ títí tó fi ní àmì ìdí ife tíì lára, kò sì tíì ṣí ojú ewé àkọ́kọ́.

Ni ó bá pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní òun ń lọ ṣe mítìn ní Ṣakí, òun máa yà wo oko mi ní Ìgbòho. Inú kíláàsì ni mo wà, mò ń kọ́ni lọ́wọ́, kò sí bí mo ṣe fẹ́ débẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn! Mo ní, ṣé ẹ rí i, èèyàn dáadáa ni. Mo pe bàbá mi.

“Bàbá, ọ̀gá mi ń bọ̀ wá wo oko lónìí o. Àwọn ló ni iṣẹ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe wọ́n dáadáa.”

“Má dààmú, ìyá mi. Ṣé a ò mọ àlejò ṣe ni?”

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi pè mí padà, ayọ̀ kún ohùn wọn. Wọ́n ní jíìpù ńlá kan dúró lẹ́bàá oko. Wọ́n ní Ọ̀gá ò lè wọnú ebè nítorí agbádá funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ṣáà sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, ó wo apá ibi tí àmì pupa wà, ó ní, “Bàbá, iṣu yín yìí mà ta o!”

Ó parí. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá dúró létí oko rẹ tó yin iṣu rẹ, o ò lè jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, ká fọwọ́ bò ó jẹ. Bàbá mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ bo iṣu. Wọ́n gbé àdá, wọ́n wú apá pupa náà látòkè délẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ta jù, ṣé èyí tí kò ta ni wọn ó fún àlejò? Àwọn tó bá Ọ̀gá wá sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń bá wọn kó o sínú búùtù.

Mo figbe ta lórí fóònù. “Bàbá! Gbogbo pupa?”

“Gbogbo rẹ̀. Ṣebí ìwọ lo ní àwọn ló ni iṣẹ́? Mo tú aṣọ pupa yẹn lára ọ̀pá, mo so ó mọ́ iṣu kọ̀ọ̀kan, kó má baà rú wọn lójú tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀n ọ́n.”

Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ṣé àgbàlagbà tó bẹ̀rẹ̀ nínú oòrùn tó ń wú iṣu, tó rò pé òun ń bá ọmọ òun ṣiṣẹ́? Mo ní, “Ẹ ṣé, Bàbá.” Mo tún fi ara mi lọ́kàn balẹ̀. Mo ní àmì wà lára wọn, ọ̀jọ̀gbọ́n iṣu sì ni Ọ̀gá, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n lo pupa. Á wọ̀n ọ́n. Mo pè é títí, kò gbé e. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wọn iṣu náà. Lọ́jọ́ kejì ló dáhùn: “Iṣu yẹn dùn gan-an. Bá mi kí Bàbá.”

Ó dùn! Mo wá gbọ́ pé ó pín in fún àwọn aṣáájú ẹgbẹ́, ó jẹ tirẹ̀, ó sì dùn!

Mo wú ìyókù, mo wọ̀n ọ́n, mo kọ ìwé mi. Ọjọ́ tí mo dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ wò, mo rò pé Ọ̀gá á gbèjà mi, ó kéré tán á dákẹ́. Òun gan-an ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó wọ awò ojú, ó ṣí ìwé mi, ó ní, “Níbo ni àbájáde ti ìgbẹ́ adìyẹ wà?”

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Mo wo ojú rẹ̀. Kì í ṣe àwàdà.

“Sà, ẹ̀yin lẹ kó wọn lọ.”

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá rẹ ló fún mi o! Ṣé kí n kọ ẹ̀bùn àgbàlagbà ni? Ìwọ ló yẹ kó o ti kìlọ̀ fún wọn nílé.” Ni àwọn yòókù náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tiẹ̀ bi mí bóyá iṣu funfun ni àbí iṣu pupa. Bí ojú bá ń sunkún, á máa ríran: mo rí àwọn tó ń wo tábìlì, tí wọn ò lè wo ojú mi. Wọ́n mọ òtítọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ mi kò pé, kí n lọ gbìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́ẹ̀kan sí i! Bí ẹni pé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń gbin iṣu. Sáà ti ń parí lọ ní Ìsẹ́yìn, ẹlòmíràn ti ń wọ bàtà mi wò. Ìwọ̀sí náà ló sì ń dùn mí ju iṣẹ́ lọ. Ẹni tí bàbá mi fi gbogbo ẹnu pè ní ọ̀gá, tí wọ́n ń kí ní “ẹ” bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè bí i lọ́mọ, òun ló jókòó sórí àga tó ń fi wọ́n ṣẹ̀rín.

Mo lọ sílé ní Ìgbòho. Lọ́nà, mo ti múra irọ́ kan sílẹ̀ tí màá pa fún bàbá mi: màá ní òjò ló ba iṣẹ́ náà jẹ́. Mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń pọ́n àdá. Mi ò tíì kúnlẹ̀ tán tí wọ́n fi ń bi mí.

“Ìyá mi, o kú ọ̀nà. Ti pupa yẹn ńkọ́? Òun ló tẹ̀wọ̀n jù, àbí?”

Ẹnu mi kọ irọ́ náà. “Wọn ò wọ̀n ọ́n, Bàbá. Wọ́n jẹ ẹ́ ni.”

Wọ́n gbé àdá sílẹ̀. Wọn ò bi mí nípa mástà. Wọn ò bi mí nípa iṣẹ́ Ìsẹ́yìn. Wọ́n wo ọwọ́ wọn méjèèjì.

“Tòun ti àmì tí mo so mọ́ ọn?”

“Tòun ti àmì, Bàbá.”