Wọ́n Fi Fáníìṣì Àga Kun Ṣẹ́lò Mi

Ṣọ́ọ̀ṣì mi ba ṣẹ́lò mi jẹ́, èmi ni wọ́n sì ní kí n wá tọrọ àforíjì.

Ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú mi rí. Ṣẹ́lò, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ni ohun èlò orin olókùn tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fáólìn, èyí téèyàn máa ń jókòó gbé sáàárín orúnkún méjèèjì. Tèmi ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan ló fọwọ́ gbẹ́ ẹ. Obìnrin tó kọ́ mi ní ṣẹ́lò níbí ní Ajax, ní Canada, ló fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú. Ohun kan ṣoṣo ló kìlọ̀: aṣọ gbígbẹ ni kí n máa fi nù ún, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan kùn ún láé.

Ẹ ò rí iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin Faransé yẹn! Ìlà dúdú tín-ínrín kan yí etí rẹ̀ ká. Ẹ máa rò pé gègé ni wọ́n fi fà á, àmọ́ igi ni. Ó là á wẹ́wẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọnú igi. Ní igun kan lápá òsì, ọ̀bẹ yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ díẹ̀, àpá rẹ̀ ò ju irun ìpéǹpéjú lọ. Mo fẹ́ràn àpá yẹn ju gbogbo ara rẹ̀ lọ, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i pé èèyàn ló ṣe é. Fáníìṣì rẹ̀ pọ́n bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́. Ó fẹ́lẹ́, ó sì ti bó níbi tí àyà àwọn tó lò ó ṣáájú mi ti ń kàn án.

Ní Sunday kan tí snow pọ̀, mi ò lè gbé e wọ train padà sílé. Mo fi í sí yàrá ohun èlò ìkọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bramalea. Mi ò mọ̀ pé kọmítì anniversary ti gba káfíńtà tó máa tún àga ṣe. Ẹ ṣáà mọ̀ wá: bí anniversary bá ti ń bọ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ dán, bí kò tiẹ̀ ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Sunday tó tẹ̀ lé e, Daddy Adéwọlé, alága kọmítì, ló fúnra wọn mú mi lọ wò ó, inú wọn ń dùn.

"Ọmọ mi, ṣé o rí i? Ó ti ń bó bí ògiri ilé àlòkù. A ti sọ ọ́ di tuntun fún ẹ."

Ó ń dán bí àwo. Káfíńtà ti fi sandpaper bó gbogbo ara rẹ̀, ó ti fi fáníìṣì àga kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti fi putty dí igun òsì yẹn, ó rò pé igi ló sán. Daddy rò pé ayọ̀ ló pa mí lẹ́nu mọ́; wọ́n ní kí n má wulẹ̀ dúpẹ́, Ọlọ́run ló ni ọpẹ́.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá òyìnbó kan ní downtown tó ń tún irú rẹ̀ ṣe. Ó fa okùn kan, ohùn jáde bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun lè bó fáníìṣì àga kúrò, ṣùgbọ́n fáníìṣì ti ọkùnrin Faransé yẹn ti bá eruku sandpaper lọ, kò sẹ́ni tó lè dá a padà.

Mo kọ email sí kọmítì. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mo to ohun tí wọ́n ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fọ́tò. Kí ni èsì? Wọ́n ní mo fẹ̀sùn kan àgbà. Auntie kan nínú choir pè mí: "Igi ni, jàre. Lọ kúnlẹ̀ fún Daddy, kó tán síbẹ̀."

Igi? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n fi ọ̀dà ilé kun aṣọ òfì ìyá wọn torí pé ó ti ṣá?

Abèèrè kì í ṣìnà. Ohun tó gbó lójú yín lè jẹ́ pé gbígbó yẹn gan-an ni iyì rẹ̀. Ṣé wọ́n ti bá ẹ̀yin náà tún nǹkan ṣe rí títí ó fi bàjẹ́? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí n mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan.

Ẹ̀yin kọmítì, orúkọ mi àti nọ́ńbà mi wà lára àpò tí ṣẹ́lò yẹn wà nínú rẹ̀. Ta ló ní kí káfíńtà ṣí àpò yẹn? Kí ló dé tí ẹnì kankan ò pè mí? Mo fẹ́ ìdáhùn ní kíkọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Ẹ má tíì gbàdúrà fún mi. Ẹ dá mi lóhùn.