Ìwé Orin Roslyn Gerber

Inú máa ń bí mi sí àwọn tó ń sọ pé eré tó dára kì í kú. Irọ́ gbáà ni. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tíátà kan ní Òpópónà Kẹrìnlélógójì ní Niu Yọ́ọ̀kì. Èmi ni mo ń wo ẹni tó ń wọlé, èmi náà ni mo ń bá àwọn òṣèré gba lẹ́tà pamọ́. Àwọn eré onórin kan lo ọdún méjì, ọdún mẹ́ta níbẹ̀, mo sì ti gbàgbé ìdajì wọn. Sítáàṣì, tó lo ọjọ́ márùn-ún péré lọ́dún 1957, òun ni kò jẹ́ kí n sinmi.

Ìtàn àwọn obìnrin afọṣọ tó da iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Roslyn Gerber wà lára àwọn òṣèré tó ṣe é, ọmọ aránṣọ kan láti Bronx. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń ṣe elégbè lẹ́yìn àwọn olórin ńlá. Ó ga, imú rẹ̀ gùn, ìlà ẹ̀yìn ni wọ́n sì máa ń fi í sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé eré náà lọ dán wò ní Bọ́sítìn, ẹni tó kọ orin rẹ̀ rí i pé apá kejì ń falẹ̀. Ó jókòó sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ó kọ orin tuntun kan, ó sì ní Roslyn ni kó kọ ọ́. Nínú orin náà, opó kan ló ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ tó ti kú, tó ń bá a jà pé ó tún ti já bọ́tìnnì.

Lọ́sàn-án Wẹ́sidé mo fi àga mi sílẹ̀, ohun tí n kì í ṣe rárá, mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé láti gbọ́ ọ. Àwọn onígòjé ò tẹ̀lé ohùn rẹ̀ o. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni wọ́n ń dá a lóhùn, bí ọkùnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ láti yàrá kejì, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán kó tó tún gbé e. Nígbà tó parí, gbogbo ilé bú sí àtẹ́wọ́. Mo sunkún, ojú ò sì tì mí.

Ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn ti pa eré náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọ̀kan kọ ọ́ pé, “Sítáàṣì yìí gan páali, kò sì mọ́.” Nígbà tó di Tọ́sìdé, wọ́n lẹ ìwé mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà mi pé Sátidé ló máa parí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí lágbègbè wa nígbà náà. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí eré bá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń kó gbogbo òṣèré lọ gba orin wọn sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwọn eré kan ti ṣubú tí rẹ́kọ́ọ̀dù gbà wọ́n là, ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn ń kọ orin wọn kiri lónìí. Eré tó bá kú kí Sọ́ńdè tó dé, ó kú pátápátá nìyẹn.

Lọ́sàn-án Sátidé, Roslyn wá bá mi pẹ̀lú kọfí àti búrẹ́dì tó fi ẹyin sí láàárín. Gbogbo òṣèré ló ń pè mí ní Bàbá. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí nígbà náà.

“Bàbá, wọn ò ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù náà mọ́.”

“Mo ti gbọ́. Jẹun.”

“Tiyín ni. Ẹ gbọ́, orin mi yẹn, ẹ̀dà kan ṣoṣo tí wọ́n fọwọ́ kọ fáwọn onígòjé ló wà láyé. Olùdarí orin máa dọ́gbọ́n gbé e fún yín tá a bá parí. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Màá wá gbà á láàárọ̀ Mọ́ńdè.”

“Kí ló dé tí o ò gbé e fúnra rẹ?”

“Olówó eré ló ni ín. Bí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní mo jalè. Ṣé ẹ máa lè ṣọ́ ọ?”

“Kí tún niṣẹ́ mi? Ṣebí ṣíṣọ́ ni.”

“Oorun niṣẹ́ yín, Bàbá. A ti jọ wà tipẹ́.”

A rẹ́rìn-ín. Olùdarí orin gbé e dé lóòótọ́, wọ́n fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ dì í. Mo tì í sábẹ́ àga mi.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni ẹrù eré tuntun dé. Oníná kan fẹ́ fa wáyà gba abẹ́ àga mi kọjá, mo bá gbé ìdì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ní ìṣẹ́jú kan péré, mo sì ń pe orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ eré tuntun náà lọ. Ibi tí mo gbé e sí, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn pákó Sítáàṣì tó ti fọ́ jọ sí. Àwọn akólẹ̀ dé.

“Bàbá, gbogbo èyí ńkọ́?”

N ò wẹ̀yìn. “Ẹ kó gbogbo ẹ̀.”

Ẹnu èmi fúnra mi ló ti jáde. Nígbà tí mo fi máa yíjú, ìdì náà ti bá àwọn pákó lọ.

Aago mẹ́wàá ni Roslyn wọlé. Ó ti kun ètè, ó sì ra àpò aláwọ tuntun tó máa fi ìwé náà sí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹrù mi dà?”

Mo wo àpò náà. “Àwọn èèyàn olówó eré ti wá gbà á.”

“Ta ni nínú wọn?”

“Ọ̀gbẹ́ni kan báyìí. Lathrop.” N ò mọ ibi tí mo ti rí orúkọ náà. “Ó jọ pé lọ́yà ni, ará Filadẹ́lfíà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹni tó kọ orin náà kú lọ́dún kejì. Roslyn gbìyànjú láti kọ ọ́ fún àwọn atẹdùrù bí mélòó kan kí wọ́n lè bá a kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá kọ ìlà méjì, á dúró. “Bẹ́ẹ̀ kọ́. Níbí yìí, wọ́n ń dá mi lóhùn.” Wọ́n á ní kí ni àwọn onígòjé ń sọ, kò sì lè júwe rẹ̀, torí kò mọ ìwé orin kà. Nígbà tó yá, kò kọ ọ́ mọ́. Ó padà sí ìlà ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ó lọ ń ta ìbọ̀wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo oṣù Kejìlá ló ń gbé agolo bisikíìtì wá fún mi.

“Bàbá, ẹ ò tíì fojú kan Lathrop?”

“N ò tíì rí i.”

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo pinnu láti jẹ́wọ́. Mo ṣojo. Mo gba bisikíìtì náà, mo sì jẹ ẹ́.

Ó kú ní Fẹ́búárì ọdún 1969. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló pa á. Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Naomi, wá sẹ́nu ọ̀nà mi, ó gbé páálí bàtà dání.

“Ẹ̀yin ni Bàbá? Àǹtí mi ní ẹ̀yin nìkan lẹ ràn án lọ́wọ́.”

Lẹ́tà tí Roslyn kọ ló kún inú páálí náà. Ọ̀gbẹ́ni Lathrop, Filadẹ́lfíà, ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn, ilé ìfìwéránṣẹ́ sì ti tẹ òǹtẹ̀ lù wọ́n pé àwọn ò mọ ẹni náà. Naomi ti ṣí ọ̀kan. Ó nà án sí mi, mo sì kà á: “Ọ̀gá mi, n ò bínú pé ẹ gbà á. Ẹ kàn jẹ́ kí ẹnì kan ta á létí mi lẹ́ẹ̀kan péré. Bàbá ẹnu ọ̀nà wa ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni yín.”

Mo dá lẹ́tà náà padà sínú páálí, mo sì kọjú sí ògiri. Naomi rò pé àánú ló ń ṣe mí, ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

“Èmi náà á máa wá Lathrop lọ, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i. Báwo ló ṣe rí?”

Mo la ẹnu. Mo ní ó ga díẹ̀, ó ń lo dígí ojú, irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ó mú bírò, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.