Ọwọ́ Tí Kò Kan Etí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, orí pẹpẹ igi láàárín oko ọkà bàbà ni mo ń gbé ayé mi. Èmi ni mo ń bá bàbá mi lé ẹyẹ. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń bi ọkà síwá sẹ́yìn, á máa ṣe mí bí ẹni pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń mí. Mo gbádùn ibẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ni ọkàn mi wà.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọmọ tó ti tó ilé-ìwé í lọ. Wàá gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá. Bó bá kan etí òsì, ó ti tó nìyẹn. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ń mú mi lọ lọ́dọọdún, kí ìjọba má baà bá a wí. Àmọ́ ta ni yóò máa bá a lé ẹyẹ? Lójú ọ̀nà ni yóò ti rọra sọ fún mi pé, "Ìyá mi, ká ìka rẹ kò o." Olùkọ́ á ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá mi á ra àkàrà fún mi, èmi á máa jẹ ẹ́, omijé á máa bọ́ lójú mi.

Lọ́jọ́ kan, èmi nìkan lórí pẹpẹ, mo na ọwọ́ náà. Ó kọjá etí, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́! Mo bojú wẹ̀yìn, bàbá mi rèé láàárín ọkà, ó ń wò mí. Mo yára sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Nígbà tí ọdún tún yí po, kò ní kí n ká ìka kò títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ó wá ní, "Ìyá mi, ìwọ lo ni ọwọ́ rẹ." Mo na ìka mi. Lọ́dún náà, ẹyẹ jẹ ọkà wa bí ẹni pé ogún bàbá wọn ni. Bàbá mi kò tìtorí rẹ̀ ṣépè fún mi rí, Ọlọ́run á kẹ́ ẹ.

Ayé ti yí padà. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin jókòó sí pálọ̀ mi níbí ní Ṣakí, ó ń kọ fọ́ọ̀mù ilé-ìwé fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà yóò kọ́, ó tán, òun lòún bí i. Mo bi ọmọ léèrè ohun tí òun alára fẹ́. Ó kọ́kọ́ wo ojú bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ohun tí Dádì bá fẹ́ náà ni, Màmá."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. Gbogbo ìka ló ká kò.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, mo gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ mi ní, "Ẹ̀ẹ́tirí, Màmá? Kí lẹ wá ń ṣe yìí?"

Mo ní kó fi í sílẹ̀, ọwọ́ ọmọ ti kan etí.