Èlùbọ́ Tó Ń Rùn Bẹntiróòlù

Títí di òní, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn èlùbọ́ yẹn níbi tí ẹbí péjọ sí, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Wọ́n á ní mo ti tún gbé ìbínú mi dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú.

Ní ọdún wẹtiẹ, ẹ̀gbọ́n mi wà ní London, ó ń kọ́ṣẹ́ amòfin. Bàbá wa ń ránṣọ lẹ́bàá Ọjà'ba, ilé wa sì wà ní Bẹyẹrúnkà. Àwọn jàǹdùkú ẹgbẹ́ òṣèlú ń pa ara wọn nígboro. Bí wọ́n bá mú ẹni tí wọ́n kà sí ọ̀tá, wọ́n á rọ bẹntiróòlù lé e lórí, wọ́n á ṣáná sí i; òun ni wọ́n ń pè ní wẹtiẹ. Mo fi ojú mi rí ọkùnrin kan ní Bẹẹrẹ tó ń sáré tí iná ń jó lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti da omi lù ú. Èmi náà ò dà á. Ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ náà dé London, ni ẹ̀gbọ́n mi bá kọ̀wé pé bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá kan ọ̀kan nínú wa, òun á fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, òun á wọkọ̀ ojú omi wálé. Bàbá mi gbé Àlùkùráánì kalẹ̀, ó ní ká búra pé a ò ní kọ ọ̀rọ̀ ìjà kankan sí i.

"Bó bá wálé báyìí, wọ́n á pa á," ó ní. "Mo mọ ọmọ mi, kò lè panu mọ́."

Nínú lẹ́tà kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ní oúnjẹ ibẹ̀ ò lọ lọ́nà ọ̀fun òun, ká jọ̀ọ́ fi èlùbọ́ àti ata gbígbẹ ránṣẹ́. Ìyá mi fẹ́ kó gbogbo ilé ránṣẹ́ sí i. Èmi ni mo máa ń kọ fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù fún àwọn tí bàbá mi ń bá fi aṣọ rán ẹrù òkè òkun wọn pa, mo sì mọ òfin wọn: gbogbo ohun tó wà nínú ẹrù ni kó o kọ síta, kò gbọdọ̀ sí ẹran níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí nǹkan olómi, kò sì gbọdọ̀ sí ohunkóhun tí iná lè tètè ràn. Ìyá mi ki ìgò àgbo bọ inú èlùbọ́. Mo yọ ọ́. Ó tún kì í bọ inú rẹ̀. Mo tún yọ ọ́, ló bá fọ́ mi létí, ìgò sì já bọ́, ó fọ́.

"Ṣé kọ́sítọ́ọ̀mù ló bá mi bí i ni?" ó jágbe mọ́ mi.

A jọ sunkún, a sì jọ gbálẹ̀ ibẹ̀.

Bàbá mi ló fi ìwé líle tẹ́ inú àpótí, kí èlùbọ́ má baà máa jò. Pósítà ìbò ni ìwé náà. Ẹgbẹ́ méjèèjì tó ń bára wọn jà ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, ó tóbi, ó sì nípọn, àwọn aránṣọ Ọjà'ba sì fi ń gé pátánì aṣọ. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ ronú kàn án. Bàbá mi fi aṣọ funfun bo àpótí náà, ó rán an mọ́ra pinpin, ó sì kán ìda pupa sí ojú rírán rẹ̀ gbogbo.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi gbé e rù, èmi náà tẹ̀ lé e, a forí lé pósófíìsì ní Dùgbẹ̀. Nísàlẹ̀ òkè Màpó làwọn jàǹdùkú ti dá wa dúró, àwọn kan nínú wọn ò tó ọmọ tí bàbá mi bí.

"Ìwọ bàbá yìí, kí lo gbé?"

"Oúnjẹ ọmọ mi ni. London ló ń lọ."

"Irọ́ ni! Ìwé ìbò ni wọ́n dì bẹ́ẹ̀ yẹn!"

Lóòótọ́, ìgbà yẹn làwọn èèyàn ń di ìwé ìbò tí wọ́n fẹ́ fi ṣèrú kiri bí ẹrù olówó iyebíye. Wọ́n ní kó tú u. Bàbá mi ní kò ṣeé tú, pé bí ìda ojú rẹ̀ bá ti fọ́, pósófíìsì ò ní gbà á mọ́. Ó ń ṣàlàyé òfin pósófíìsì fún àwọn tó mú àdá lọ́wọ́! Ọ̀kan fi kùmọ̀ gbá a létí, ẹ̀jẹ̀ sì yọ nínú etí náà. Wọ́n fi àdá la aṣọ, wọ́n la àpótí, èlùbọ́ dà sílẹ̀, àmì ẹgbẹ́ tí wọ́n kórìíra sì yọjú lábẹ́ rẹ̀.

Wọn ò béèrè nǹkan kan mọ́. Wọ́n ti bàbá mi lulẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹnì kan sì da bẹntiróòlù lé e lórí, ó dà á sórí ẹrù wa pẹ̀lú. Bàbá mi ò bẹ̀ wọ́n. Èmi ló wò, bẹntiróòlù ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Má kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ o," ó ní.

Mo fò mọ́ ẹni tó mú ìṣáná, mo ge ọwọ́ rẹ̀ jẹ títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n ta mí nípàá, mo ṣubú sórí àpótí. Ìwé kan bọ́ sí mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe tẹ́ ẹ ni mo rí i pé àwòrán olórí ẹgbẹ́ tí wọ́n kórìíra náà ni, pé ibi tí orí rẹ̀ yẹ kó wà ni bàbá mi ti gé ihò ọrùn aṣọ sí.

"Ẹ wò ó!" mo pariwo. "Bàbá mi ti bẹ́ ẹ lórí! Kí lẹ tún fẹ́?"

Ọ̀gá àwọn jàǹdùkú náà gba ìwé náà, ó wò ó, ó ki orí ara rẹ̀ bọ inú ihò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ká máa lọ. Ìṣáná tí wọn ò ṣá sí bàbá mi lára, wọ́n ṣá a sí ẹlòmíràn lára kí wọ́n tó dé Ògùnpa. A gbọ́ igbe rẹ̀ bí a ti ń kó èlùbọ́ nílẹ̀.

Ọjà ti tì, kò síbi tí a ti lè ra òmíràn. Nílé, ìyá mi fi ajọ̀ jọ èyí tí bẹntiróòlù ò dé, bàbá mi sì tún ẹrù náà dì, ó rán an, pẹ̀lú ojú tó wú pọ̀ǹbọ̀. Ní pósófíìsì, akọ̀wé fi imú sún mọ́ ẹrù náà.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan tí iná lè ràn níbí?"

"Èlùbọ́ ni," bàbá mi dáhùn, ó sì tún fa fìlà bo etí rẹ̀. Akọ̀wé wo ojú rẹ̀ tó wú, ó lu òǹtẹ̀ sí ẹrù náà.

Ìgbà ọyẹ́ ti wọlé kí èsì ẹ̀gbọ́n mi tó dé, wọ́n sì ń sunlé lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun da èlùbọ́ náà nù, ó ń rùn bẹntiróòlù. Ó ní ṣé kò sẹ́ni tó lè fara balẹ̀ di ẹrù lásán nílé wa ni? Mo ní màá kọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan igbe tí a gbọ́.

"Kọ ọ́ pé èmi ni mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà tí epo rẹ̀ ń jò," ìyá mi ní.

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni bàbá mi wí. Mo ní láti lọ sí apá ibi tí etí rẹ̀ kan tó ṣì ń gbọ́ràn wà kí n tó bá a jiyàn, kò sì gbà. Mo kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kẹ́kọ̀ọ́ yege, ó sì padà wálé láàyè. Ó rò pé ọjọ́ ogbó ló di bàbá wa létí, nítorí títí di òní a ò da ìbúra wa. Bó bá ti ń sọ̀tàn èlùbọ́ tí ìyá wa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà, gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín, ìyá wa á sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ dákun, mi ò fojú sílẹ̀ ni."