Ọkọ Tí Kò Ní Béèrè Nǹkan

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Chinimaya, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn ní kó dákẹ́. Ìkòkò wàrà ló ń mọ ní ìlú Bhaktapur níbí, ní Nepal. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yí amọ̀ lẹnu rẹ̀ ń lọ. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn gan-an ni.

Ohun tó gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà nìyí. Rasila, ọmọ rẹ̀, ara rẹ̀ kò rí bíi ti àwọn ọmọbìnrin yòókù, kò sì rí bíi ti ọkùnrin. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, kò sì sóhun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá mi sì fárí gá pé àfi kí wọ́n fi abẹ tún un ṣe ná. Ẹ̀rù ń ba Chinimaya: ohun tí wọ́n bá gé lára ọmọ, ta ló máa dá a padà?

Dókítà náà, ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni, kò tíì pẹ́ láàárín wa. Punya, ẹ̀gbọ́n mi, nìkan ló kọjú sí, bíi pé àga làwa yòókù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣe é kíá," Punya ní. "Oṣù tó ń bọ̀ la fẹ́ fà á fọ́kọ."

Dókítà fò dìde. "Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Ọlọ́pàá ni màá pè! Ta lọkọ ọ̀hún?"

"Èso ni, sà."

"Kí ni?"

"Èso bẹ́lì, èso igi tí èèpo rẹ̀ le bí òkúta," mo dá a lóhùn. "Àṣà wa ni. Gbogbo ọmọbìnrin wa ló ń fẹ́ ẹ kí wọ́n tó bàlágà. Ọkọ mi àkọ́kọ́ ṣì wà nílé, ó ti gbẹ."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Àwa náà bú sẹ́rìn-ín, àfi Chinimaya.

"Ẹ dúró ná," ó ní. "Èso yìí, ṣé ó máa tú aṣọ ọmọ mi wò ni? Ṣé ó máa bi wá ní nǹkan kan? Dókítà, ṣé ara ọmọ mi ò yá ni?"

"Ara rẹ̀ yá, màmá. Abẹ yẹn lè dúró."

"Nítorí ta wá la fi fẹ́ gé e?"

Dókítà wá yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ Rasila. "Ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́?"

"Ṣé ó máa dùn mí?"

"Á dùn ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dàgbà. Màá sọ fún yín."

Punya, tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún abẹ láti àárọ̀, gbé Rasila lé itan. "Má bínú, ọmọ mi," ó ní. "Ìwọ ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ bi."

"Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sọ fún màmá àgbà o!"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni Punya sọ fún ìyá wa.