Raheemat àti Ìyá Waris ní Bodè Málaga

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Raheemat Dísù nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un láti Nàìjíríà wá sí Dublin. Coolock, àdúgbò kan níbẹ̀, ni wọ́n ń gbé. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ballycoolin, iṣẹ́ sì pọ̀ nígbà náà débi pé ọjọ́ tó yẹ kó sinmi gan-an, wọ́n á pè é. Bí wọ́n bá bá Raheemat sọ Yorùbá nílé, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Dublin ló fi ń fèsì. Èdè Spéènì ló ń kọ́ ní yunifásítì. Nígbà tó di Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, wọ́n ní kó lọ fi ọdún kan kẹ́kọ̀ọ́ ní Málaga, ní ilẹ̀ Spéènì.

Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò ní pápákọ̀ òfurufú Málaga, àwọn tí wọ́n jọ wọ bàálù kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Òun nìkan ni wọ́n ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọlọ́pàá kan ń fi èékánná ha pásípọ́ọ̀tù Ireland rẹ̀ bí ẹni ń wá ayédèrú. Nígbà tí wọn kò rí àléébù kankan, ọ̀gá wọn jáde, ó bi í bóyá ó gbọ́ èdè Nàìjíríà. Ó ní òun gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Wọ́n mú un wọ yàrá kan tí kò ní fèrèsé.

Àgbàlagbà obìnrin kan ló jókòó síbẹ̀, bàtà rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti àná ló ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

“Ẹ káàsán mà,” ni Raheemat wí.

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ìyá Waris ni wọ́n ń pè é, Ìwó ló ti wá. Waris, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wọ ọkọ̀ ojú omi ní Morocco, ọkọ̀ náà sì dojú dé lójú òkun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó yè é ló fóònù pé òkú rẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì ní Málaga. Ẹnì kan bá ìyá náà ṣe físà. Kò mọ̀ pé ayédèrú ni.

“Ọmọ mi, bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí n ṣáà rí ojú rẹ̀. Bí mo bá ti rí i, kí wọ́n dá mi padà.”

Raheemat túmọ̀ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ kún un. Ọ̀gá náà fetí sílẹ̀, kò jágbe mọ́ ọn. Ó ní òfin ni, bàálù tí yóò gbé ìyá náà padà ti fẹ́ gbéra, kí Raheemat sọ fún un.

Raheemat wá ọ̀rọ̀ tí yóò rọ̀ létí àgbà, kò rí. Yorùbá tó mọ̀ kò ju ti inú ilé lọ: wá jẹun, ti ìlẹ̀kùn, níbo lo lọ.

“Wọ́n ní rárá, mà. Wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé.”

Ìyá náà wọ bàtà rẹ̀. Ó ní àpá iná wà ní ọrùn ọwọ́ òsì Waris, kí Raheemat lọ sí mọ́ṣúárì náà lórúkọ òun, kí wọ́n má sin ín bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. Ó fún un ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Raheemat ní òun á lọ.

Nígbà tó jáde sínú oòrùn, ó jókòó lórí báàgì rẹ̀, ó pe bàbá rẹ̀. “I'm grand, Daddy,” ló kọ́kọ́ wí, pé àlàáfíà ni òun wà. Ẹkún ló tẹ̀ lé e. Bàbá ní òkú ẹlòmíì kì í ṣe ẹrù ọmọdé nílùú onílùú. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé ó ti ṣèlérí, ó mí kanlẹ̀.

“Ó dáa. Wá mọ́ṣáláṣí wọn kàn. Sọ fún wọn pé Mùsùlùmí ni.”

Lèmọ́mù, ará Morocco kan, bá a lọ sí mọ́ṣúárì kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn kò jẹ́ kí Raheemat wọlé. Lèmọ́mù wọlé, ó pẹ́ kó tó jáde, ó ní òun rí ẹni tó ní àpá náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sin ín. Raheemat dúró lọ́ọ̀ọ́kán títí wọ́n fi kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó tán, ó sì fóònù sí ìyá náà ní Ìwó. Ìyá náà bi í bóyá ó rí ojú Waris. Ó ní òun kò rí i.

“Àpá iná wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn,” ni Ìyá Waris sọ.

Láti ìgbà náà, kò sí oṣù kan tí ìyá náà kì í pe Raheemat. Ó ń béèrè bóyá kò tíì rí ọmọ òun nígboro.