Òkèlè Tí Ìyá Náà Ń Dúró Dè

Ìyá náà kì í jẹ oúnjẹ tí ẹni tó gbé e wá kò bá kọ́kọ́ tọ́ wò lójú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹ̀kọ fún un, ẹ óò gé díẹ̀, ẹ óò fi kan ọbẹ̀, ẹ óò fi sẹ́nu, ẹ óò gbé e mì, òun náà á sì máa wo ọ̀fun yín títí yóò fi dá a lójú pé ó ti lọ. Ìgbà yẹn ni yóò tó na ọwọ́. Omi náà, bákan náà. Ní Àgbádárìgì tiwa, kò sí ilé tí wọn kì í ti í ṣe é: ẹni tó bá bu omi fún àlejò ló máa ń kọ́kọ́ fẹnu kàn án. Ọ̀pọ̀ wa ń ṣe é bí ẹni ń kí èèyàn ni, a kì í ronú sí i. Ìyá náà ń ronú sí i.

Ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mò ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilé olórogún ni wọ́n gbé e sí nígbà tó ṣì kéré. Ẹnì kan fún àkọ́bí rẹ̀ ní móínmóín jẹ, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá ọmọ náà. Kò sọ fún mi pé orogún ló pa á. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó gbé móínmóín náà wá kò tọ́ ọ wò, pé òun wà níbẹ̀, òun rí i, ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀.

Ilé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ní ìhà Gbájì. Arúgbó mọ́kànlá, tí ìyá náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, òṣìṣẹ́ mẹ́rin, àti ọ̀gá wa tí gbogbo wa ń pè ní Mádàámù. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó dá ilé náà sílẹ̀. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì gidi. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má pè mí bẹ́ẹ̀.

Èmi ni wọ́n yan iṣẹ́ títọ́ oúnjẹ ìyá náà wò fún. Èmi láàárọ̀, èmi nírọ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni. Ẹja yíyan ni ọmọ náà ń tà ní Àgbálátà. Bí ọjà bá ti tú, á wọ ọ̀kadà wá pẹ̀lú abọ́ onídèérí, á jókòó ti ìyá rẹ̀, wọ́n á máa fi Ègùn bá ara wọn sọ̀rọ̀. Á tọ́ ọ wò, ìyá á jẹ ẹ́ tán, á tún fi ìka nu ìdí abọ́. Mo máa ń jowú díẹ̀, torí tèmi kì í jẹ ju ìdajì lọ.

Nígbà tí kòrónà dé, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Kò pẹ́ sí i ni ìwé ìlànà dé, láti ilé iṣẹ́ ìjọba kan, lédè òyìnbó, ó nípọn tó ìwé àdúrà. Mádàámù kà á fún wa lórí ìdúró nílé ìdáná. Kí àlejò kankan má wọlé. Kí arúgbó má jáde ní yàrá. Kí òṣìṣẹ́ má ṣí ìbòmú níwájú arúgbó kankan. Kí ẹnu méjì má kan abọ́ kan tàbí ṣíbí kan. Mi ò lè sọ pé irọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ nípa àìsàn náà dáadáa. Kò kàn mọ ilé wa ni.

Ojú ewé tó kẹ́yìn ni Mádàámù kà lẹ́ẹ̀mejì. Ilé tó bá tẹ̀lé ìlànà yóò wọ inú àkọsílẹ̀ àwọn tí ìjọba máa ràn lọ́wọ́. Àwọn aṣàyẹ̀wò yóò wá láìsọ tẹ́lẹ̀. Ilé tó bá rú ìlànà, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. A nílò ìrànlọ́wọ́ náà, kí n má purọ́. Àwọn ọmọ tó ń sanwó ìtọ́jú òbí wọn kò rí ọjà tà mọ́, pámpásì ti gbówó lórí, àpò ìrẹsì wa sì ti ń kan ìdí. Kò sí ẹni tó rántí ìyá náà nínú wa lọ́jọ́ yẹn. Èmi tó yẹ kí n rántí, ibi tí n ó ti rí ìbòmú kejì ni mò ń rò.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo gbé ẹ̀kọ àti ẹja wọlé tọ̀ ọ́, mo fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, mo wọ ìbọ̀wọ́. Ó wò mí títí.

Ó ní, “Ta nìyẹn?”

Mo ní èmi ni. Ó ní kí n tọ́ ọ wò. Mo ní mo ti tọ́ ọ wò nílé ìdáná.

“Mi ò rí ọ.”

“Màmá, ìjọba ló ní ká má ṣe é mọ́. Àìsàn wà níta.”

“Ìjọba mọ̀ mí?”

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti abọ́ náà sẹ́yìn. “N má ná dù,” ó wí. Ègùn tí mo gbọ́ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìyẹn yé mi. Òun ò ní jẹ.

Ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kú ló ti ń ṣọ́ra fún ẹni tí yóò gbé oúnjẹ wá tí kò ní fẹ́ tọ́ ọ wò. Ẹni náà wá dé lóòótọ́, ó sì tún bo ojú. Kí lẹ fẹ́ kó rò?

Láti ọjọ́ náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ bó nìkan ló ń jẹ, àti omi àgbọn tí a bá la níwájú rẹ̀. Ó ti fi ìgbà ayé rẹ̀ ṣe òróró àgbọn, ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè fi nǹkan kan sínú àgbọn tí a kò tíì là. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá ti dí títì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dé lójoojúmọ́, àgbọn nìkan kò sì lè gbé àgbàlagbà ró. Ní ọjọ́ kẹta mo rí i pé kò lágbára láti bó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán mọ́. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo fa ìbòmú mi sísàlẹ̀, mo gé ẹ̀kọ, mo jẹ ẹ́, mo la ẹnu mi fún un kó rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Ó jẹ gbogbo rẹ̀. Ó béèrè òmíràn. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí fèrèsé.

Mádàámù ti rí mi láti fèrèsé. Kò pariwo. Ó pè mí sí ẹ̀yìnkùlé.

“Ìwọ tí o lọ ra epo níta láàárọ̀, ṣé o mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ?”

Mo ní mi ò mọ̀, mà.

“Ẹni mẹ́wàá mìíràn ló wà nínú ilé yìí. Tó bá jẹ́ aṣàyẹ̀wò ló wọlé ńkọ́? Tí wọ́n bá yọ orúkọ wa, kí ni màá fi bọ́ wọn?”

Mo ní kó máà bínú. Mo fa ìbòmú mi sókè. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: mi ò jiyàn. Kì í ṣe pé Mádàámù borí mi. Ẹ̀rù àìsàn náà ń ba èmi náà, mo ní ọmọ méjì nílé ìyá mi ní Morogbo, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn kí n fi ìwé kan ṣe àwáwí.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ọmọ rẹ̀ dé ẹnu géètì. Ọjà kankan kò ná, ọ̀kadà kankan kò gbé e. Ó ti fẹsẹ̀ rin èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà náà, bàtà rẹ̀ ti já, ó fi okùn so ó. Mo dúró sí apá tèmi géètì, mo sọ fún un pé ìyá kò jẹun. Kò sunkún. Ó ní òun ti mọ̀ pé kò ní jẹ lọ́wọ́ ẹni tó bo ẹnu.

Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé e wá sí fàráńdà. Èmi ò ní wọlé. Abọ́ méjì ni mo gbé wá, ìkòkò kan náà ni mo ti bù ú. Màá dúró síta níbí, màá jẹ tèmi lójú rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wá gbé ìkejì fún un. Ẹnu wa ò pàdé níbì kankan.”

Ó ti ro gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tó ti kúrò nílé ló ti ń rò ó. Kò ka ìwé ìlànà kankan, síbẹ̀ ó ti rí ọ̀nà tí àwa tí a kà á kò rí. Mo sáré wọlé lọ sọ fún Mádàámù. Mádàámù ṣí ìwé náà, ó fi ìka tọ́ ìlà náà: kí arúgbó má jáde ní yàrá. Ó ní, “Jẹ́ kí àwọn aṣàyẹ̀wò wá ná. Tí wọ́n bá ti wá, tí wọ́n sì ti lọ, ká ṣe é bí ọmọ rẹ̀ ṣe fẹ́.”

Mo padà sí géètì, mo sọ ọ́ bí Mádàámù ṣe sọ ọ́.

“Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?”

“Wọn ò sọ.”

Ó na abọ́ kan sí mi láàárín irin géètì. Mo gbé e wọlé. Ìyá mọ abọ́ náà, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà. Ó ní, “Ọmọ mi dà?” Mo ní ó wà níta, ó ní kí ẹ jẹun. Ó ń wo ìbòmú mi, kò wo ojú mi. Abọ́ náà wà láyà rẹ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù, lẹ́yìn náà ó gbé e sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò fọwọ́ kan oúnjẹ inú rẹ̀.

Kò lo ọ̀sẹ̀ kan sí i. Àárọ̀ ni mo bá a. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá gbé e, àwọn díẹ̀ ló tẹ̀lé e lọ sin ín.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni àwọn aṣàyẹ̀wò dé. Wọ́n ṣí ìwé àlejò wa, ó funfun báláú, inú wọn dùn. Wọ́n bi wá pé ẹni mélòó ni kòrónà pa. Mádàámù ní kò sí, òótọ́ sì ni. Ọkùnrin tó mú fọ́ọ̀mù dání fa ìlà, ó ní a gbìyànjú. Mo ń wo fọ́ọ̀mù náà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tí ìlànà pa.

Ìrànlọ́wọ́ náà dé nígbà tí kónílé-ó-gbélé ti ń tú: bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu ẹ̀rọ, páálí ìbòmú, ọṣẹ, àti owó. Wọ́n ya wá ní fọ́tò níwájú bánà. Èmi ni mo di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú. Owó náà ra ìrẹsì àti pámpásì, ó bọ́ àwọn mẹ́wàá yòókù fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn, pé mi ò tiẹ̀ lè bú owó náà tọkàntọkàn. Mo jẹ nínú ìrẹsì rẹ̀.

Nígbà tí ọjà padà ń ná dáadáa, mo kó ẹrù ìyá náà, ìró méjì àti abọ́ onídèérí yẹn, mo gbé e lọ fún ọmọ rẹ̀ ní Àgbálátà. Mo ra búrẹ́dì àgbọn kan dání, torí èèyàn kì í lọ kí ọlọ́fọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ìbòmú ṣì wà lójú mi. Ó gba ẹrù náà, ó dúpẹ́, ó fún mi ní àpótí jókòó. Mo na búrẹ́dì náà sí i. Kò gbà á. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

“Ẹ tọ́ ọ wò fún mi, nọ́ọ̀sì.”

Kò sí ìjà nínú ohùn rẹ̀. Mo fa ìbòmú mi sábẹ́ àgbọ̀n. Mo bù nínú búrẹ́dì náà, mo fi sẹ́nu, mo jẹ ẹ́, mo gbé e mì. Ó ń wo ọ̀fun mi bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń wò ó.

Nígbà tí òkèlè náà lọ tán, ó na ọwọ́, ó gba èyí tó kù.

Ó ní, “Títọ́ ọ wò kò pẹ́, àbí?”

Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n mi, kò pẹ́.